Mọ́nítọ̀ méjì, kọ̀ǹpútà méjì: ṣé ó ṣeé ṣe kí n má máa fa wáyà yọ láràárọ̀ mọ́?

AtòwéTánkè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ wáyà yìí ti sú mi pátápátá.

Tánkè ní Ìlọrin níbí ni mò ń gbé, iṣẹ́ títo ìwé ni mò ń ṣe, tí àwọn èèyàn bá ti kọ ìwé tán èmi ni mo máa tò ó sórí kọ̀ǹpútà kó tó lọ sílé ìtẹ̀wé, púpọ̀ nínú ẹ̀ sì jẹ́ ìwé ilé kéwú tí Lárúbáwá àti Yorùbá jọ wà lójú ewé kan náà. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí á mọ̀ pé sìkírìnì kan ò lè tó, torí ìwé tí alfa fọwọ́ kọ gbọ́dọ̀ wà níwájú ẹ lápá kan kí o máa tò ó lápá kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wàá ṣi àmì kan fi síbi tí kì í ṣe tiẹ̀, ọ̀rọ̀ Kùránì sì rèé, kò ṣeé fi ṣeré. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní mọ́nítọ̀ méjì lára dẹ́sítọ́ọ̀pù mi, ọ̀kan jẹ́ Dell 24 ínṣì, ìkejì jẹ́ HP àtijọ́ 22 ínṣì tí bùọ̀dá mi fún mi nígbà tí wọ́n ń kó lọ sí Èkó.

Wàhálà wá dé lóṣù tó kọjá. Mo gba iṣẹ́ míì mọ́ ọn, iṣẹ́ tí mò ń tilé ṣe, wọ́n sì gbé láptọ́ọ̀pù tiwọn fún mi. Láti aago mẹ́sàn-án sí aago méjì ọ̀sán tiwọn ni mò ń ṣe, tó bá yá mo padà sórí tèmi. Sìkírìnì láptọ́ọ̀pù yẹn ò ju 14 ínṣì lọ, ojú ń ta mí, ọrùn ń dùn mí. Mo wá ní kí n máa lo mọ́nítọ̀ fún un. Láràárọ̀ màá wọ abẹ́ tábìlì, màá yọ HDMI, ìyẹn wáyà tó ń gbé àwòrán lọ sójú Dell, lára dẹ́sítọ́ọ̀pù, màá ki í bọ láptọ́ọ̀pù, tó bá di ọ̀sán màá tún wọ abẹ́ tábìlì. HP yẹn ò tiẹ̀ rí nǹkan ṣe látàárọ̀. Lọ́jọ́ kan mo ní kí n fi nǹkan kékeré tó ń sọ HDMI di VGA, ìyẹn irú wáyà àwòrán ti àtijọ́, dán an wò, mo fa wáyà VGA ẹ̀ yọ láìtú ìdè ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì dáadáa, ìgbà tí mo máa ki í padà, gbogbo ibi tó yẹ kó funfun lójú mọ́nítọ̀ di yẹ́lò. Mo yọ ọ́ wò, abẹ́rẹ́ kan nínú ẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni mo fi tọ́ ọ padà díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó padà ṣe dáadáa àmọ́ ẹ̀rù ti ń bà mí láti fọwọ́ kàn án.

Mo wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lágbègbè Táíwò, mo ṣàlàyé fún ọmọ tó wà níbẹ̀ pé kọ̀ǹpútà méjì ni mo fẹ́ fi mọ́nítọ̀ kan lò, ó ní mo ti dé ibi tó yẹ, ó gbé àpótí dúdú kékeré kan fún mi, ihò HDMI kan lápá kan, méjì lápá kejì. Mo ra wáyà mọ́ ọn. Mo délé mo ki dẹ́sítọ́ọ̀pù bọ ọ̀kan nínú ihò méjì yẹn, láptọ́ọ̀pù bọ ìkejì, mọ́nítọ̀ bọ èyí tó dá wà. "No signal" ló ń kọ. Mo gbé e padà lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ọjà tí èèyàn bá ti já ọ̀rá ẹ̀ àwọn kì í gbà á padà. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́ kí ni kí n ṣe? Kí ni kí n rà, kí sì ni kí n má rà? Àti pé ẹ fi sọ́kàn pé láptọ́ọ̀pù ọ́físì yẹn wọn ò jẹ́ kí n fi sọ́fítíwíà kankan sí i.

ỌmọÌpátá

Àǹtí, ẹ kú wàhálà, ẹ sì kú ìnáwó. Iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe ni mò ń ṣe, irú ọ̀rọ̀ yín yìí ti kọjá lọ́wọ́ mi àìmọye ìgbà.

Ohun tí wọ́n tà fún yín yẹn, splitter ló ń jẹ́. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó gba àwòrán lára kọ̀ǹpútà kan, kó wá pín in fún mọ́nítọ̀ tàbí tẹlifíṣọ̀n méjì, ohun kan náà ló máa hàn lójú méjèèjì. Ẹ̀yin ń fẹ́ kí kọ̀ǹpútà méjì máa pàdé lójú mọ́nítọ̀ kan, iṣẹ́ súìsì nìyẹn. Lóòótọ́ wọ́n jọra bí ìbejì, àmọ́ ẹ ò lè dojú splitter kodò kó di súìsì, torí nínú ẹ̀ lọ́hùn-ún ẹnu tó ń gba àwòrán wọlé kọ́ ni ẹnu tó ń tì í jáde. Tí ẹ bá tún dé ọjà, ẹ wo ara ẹ̀: splitter máa ní IN kan àti OUT méjì, ó sábà máa ń ní ihò iná 5V tiẹ̀, kò sì ní bọ́tìnnì tí ẹ ó fi mú ọ̀kan. Súìsì máa ní bọ́tìnnì. Ọ̀kan tún wà tí wọ́n kọ BI-DIRECTION sí lára, ìyẹn ń ṣiṣẹ́ lọ ó ń ṣiṣẹ́ bọ̀, bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń darí òun náà. Ẹni tó ta tiyín fún yín kò béèrè ìbéèrè tó yẹ kó béèrè, ìyẹn ò dáa.

Ṣùgbọ́n ẹ dákun ẹ má tíì lọ ra súìsì o. Ohun tí ẹ ń wá lè ti wà nílé. Mọ́nítọ̀ tó bá ní ihò mẹ́ta lẹ́yìn, ilẹ̀kùn mẹ́ta ló ní, ẹ lè ki wáyà bọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ fi wọ́n síbẹ̀ títí ayé, kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní bínú. Ọ̀kan ló kàn máa ń fi hàn lẹ́ẹ̀kan, bọ́tìnnì ara ẹ̀ lẹ sì máa fi sọ èyí tí ẹ fẹ́ rí fún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ra nǹkan kiri tí wọn ò tíì yí ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ wọn síta wò rí.

Ẹ lọ yí i, ẹ tan iná fóònù sí i, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún mi. HDMI ẹ ti mọ̀ ọ́n. Èyí tó jọ HDMI àmọ́ tí igun ẹ̀ kan ṣoṣo gé sọnù, DisplayPort nìyẹn. VGA ni èyí tó sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù, ihò wẹ́wẹ́ 15 ní ìlà mẹ́ta. Èyí tó gùn ju gbogbo wọn lọ, tó sábà máa ń funfun, tí ihò inú ẹ̀ pọ̀ tí ìlà pẹlẹbẹ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, DVI ni. Kí ẹ tún wo ihò ara láptọ́ọ̀pù náà, pàápàá USB-C, ẹ wò ó bóyá wọ́n ya nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

AtòwéTánkè

Ẹ ṣé gan-an bùọ̀dá. Mo ti wò ó. Eruku ọyẹ́ tí mo bá níbẹ̀ ò kéré, búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé ni mo fi gbá a kí n tó rí ojú ihò.

Dell: VGA kan, HDMI kan, àti èyí tí igun ẹ̀ gé yẹn, rọ́bà dúdú kékeré kan ṣì dí i lẹ́nu látìgbà tí mo ti rà á, mi ò mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀ rárá. HP: VGA kan, àti èyí tó funfun tó gùn yẹn. Dẹ́sítọ́ọ̀pù mi, HDMI kan VGA kan, HDMI ló lọ sára Dell, VGA ló lọ sára HP. Láptọ́ọ̀pù ní HDMI kan àti USB-C méjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ USB-C kan, wọ́n ya nǹkan kan tó dà bíi lẹ́tà P tó wà nínú D. Ẹnu kejì ò ní nǹkan kan.

ỌmọÌpátá

Alhamdulillah, iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Àmì tí ẹ rí yẹn, àmì DisplayPort ni, ó ń sọ fún yín pé ẹnu USB-C yẹn lè gbé àwòrán jáde. Kì í ṣe gbogbo USB-C ló ń gbé àwòrán o, àwọn kan wà tí fáìlì nìkan ni wọ́n ń gbé, òmíràn iná nìkan ló ń gbà, ojú wọn sì jọra gẹ́lẹ́, ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Tí ẹnì kan bá rí àmì mànàmáná Thunderbolt dípò ẹ̀, ìyẹn náà ń gbé àwòrán. Tí kò bá sí àmì kankan, kí èèyàn wo nọ́ńbà láptọ́ọ̀pù ẹ̀ lábẹ́, kó wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó náwó.

Wáyà méjì péré lẹ máa rà. Ìkínní, wáyà tí USB-C wà lẹ́nu ẹ̀ kan tí DisplayPort wà lẹ́nu kejì, ó máa ti ara láptọ́ọ̀pù lọ sára Dell. Ìkejì, wáyà HDMI sí DVI, ó máa ti HDMI láptọ́ọ̀pù lọ sára ihò funfun HP yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àpótí kankan mọ́ ọn fún yín, àwòrán inú DVI àti ti HDMI ọ̀kan náà ni, irin ẹnu wọn ló kàn yàtọ̀, wáyà lásán ló máa so wọ́n pọ̀. Ohùn nìkan ni kì í sábà bá a kọjá, HP yín sì lè má ní sípíkà tẹ́lẹ̀. VGA lọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀, ara ayé àtijọ́ ni, láti 1987 ni IBM ti gbé e jáde, ọ̀nà tó ń gbà gbé àwòrán kò bá ti HDMI mu, ìyẹn ló fi nílò nǹkan kékeré tí ẹ lò lọ́jọ́sí.

Tí ẹ bá lọ ra USB-C sí DisplayPort, ẹ sọ ọ́ ketekete pé láptọ́ọ̀pù ni USB-C wà, mọ́nítọ̀ ni DisplayPort wà. Púpọ̀ nínú àwọn nǹkan tí wọ́n fi ń yí ẹnu wáyà padà wọ̀nyí ọ̀nà kan ni wọ́n ń rìn. HDMI sí VGA kì í ṣe VGA sí HDMI, ẹ lè fi orúkọ jọra ra ohun tí kò wúlò.

Ti dẹ́sítọ́ọ̀pù, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má fọwọ́ kan VGA yẹn mọ́ títí láé.

ÌjàkadìLorò

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ kú ilé o. Ọ̀fà ni mo wà. Ohun tí ẹ̀gbọ́n wí yẹn dáa, kò kan bá tèmi mu ni, torí ọ̀rọ̀ títẹ bọ́tìnnì mọ́nítọ̀ yìí máa ń sú èèyàn. Dell tèmi, kí n tó kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan sí èkejì mo ní láti tẹ bọ́tìnnì tó mẹ́rin, ẹ wá fi méjì rò ó. KVM ni mo rà. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni kíbọ́ọ̀dù, àwòrán àti máòsì, gbogbo ẹ̀ ló máa kó sójú kan, ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ẹ̀kan, mọ́nítọ̀ méjèèjì, kíbọ́ọ̀dù, máòsì, wọ́n jọ sún lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ẹ̀kọ́ kan ni mò ń bá ṣe àkáǹtì, mo tún ní tèmi, mo lè sún lọ sún bọ̀ nígbà ogún lójúmọ́.

Ẹni tó bá máa rà á kó ṣọ́ra nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, KVM onímọ́nítọ̀ kan ló pọ̀ jù lọ́jà, ẹni tó ní mọ́nítọ̀ méjì gbọ́dọ̀ ra onímọ́nítọ̀ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ̀ǹpútà yẹn ló sì máa ju wáyà àwòrán méjì méjì sínú ẹ̀. Èmi kọ́kọ́ ra onímọ́nítọ̀ kan, mo ní láti lọ tà á ní àdánù. Èkejì, ẹ béèrè bóyá ó ní EDID. Mọ́nítọ̀ ló máa ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé "èmi rèé, bí mo ṣe fẹ̀ tó rèé", KVM tí kò bá lè máa sọ ọ́ nìṣó nígbà tí ẹ bá ti sún kúrò, kọ̀ǹpútà tí ẹ fi sílẹ̀ á rò pé wọ́n ti yọ mọ́nítọ̀ lọ, á kó gbogbo wíńdò yín jọ sójú kan, ìgbà tí ẹ bá padà dé ẹ óò bá a bíi yàrá tí ọmọdé ti ṣeré.

Alfa_ỌjàỌba

Àsàlámù àlékùm wà ráhmátúllàhì. Àǹtí, kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ yín, ìwé ilé kéwú tí wọ́n tò dáadáa ò wọ́pọ̀, ojú mi rí i lójoojúmọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ọ̀fà sọ òótọ́ tiẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ yín ṣe rí. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ń sún lójúmọ́, àárọ̀ àti ọ̀sán. KVM onímọ́nítọ̀ méjì tó dáa, owó ẹ̀ lè tó ti mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ kan, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tìtorí bọ́tìnnì ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ ná irú owó yẹn. Ti mọ́nítọ̀ ti yanjú. Kíbọ́ọ̀dù àti máòsì ló kù, ẹnikẹ́ni ò sì tíì sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni ọwọ́ wà lórí ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Fún ìyẹn, ẹ ra súìsì USB. Àpótí kékeré ni, wáyà méjì á ti ara ẹ̀ jáde, ọ̀kan sí dẹ́sítọ́ọ̀pù ọ̀kan sí láptọ́ọ̀pù, ẹ ki kíbọ́ọ̀dù àti máòsì bọ iwájú ẹ̀, bọ́tìnnì kan ló wà lórí. Kò gbé àwòrán rárá, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn lówó. Kò nílò sọ́fítíwíà kankan, kọ̀ǹpútà ọ́físì yín ò ní mọ̀ ju pé wọ́n ki kíbọ́ọ̀dù bọ òun lára.

Ẹni tí kò bá ní irú òfin yẹn lọ́rùn, tí Windows sì ni kọ̀ǹpútà ẹ̀ méjèèjì, sọ́fítíwíà Mouse Without Borders ti Microsoft wà nínú PowerToys, àkójọ irinṣẹ́ wọn fún Windows, ọ̀fẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Ẹ máa fa máòsì dé etí sìkírìnì kan ni, á kọjá sórí kọ̀ǹpútà kejì bíi pé ìkan náà ni wọ́n. Ẹ lè ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ níbí kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀hún. Ó dùn ún lò gan-an. Àmọ́ ti ọ́físì ẹ má dán an wò láìgbàṣẹ, ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni àmáánà ni.

Àti bọ́tìnnì mọ́nítọ̀ tó ń sú ẹ̀gbọ́n wa, ó ní bí wọ́n ṣe ń fi kíbọ́ọ̀dù ṣe é. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ló ní ohun tí wọ́n ń pè ní DDC/CI, kọ̀ǹpútà lè gba inú wáyà yẹn pàṣẹ fún mọ́nítọ̀ pé kó bọ́ sí ẹnu báyìí. Lórí Windows, ControlMyMonitor ti NirSoft ń ṣe é, nọ́ńbà àṣẹ tí wọ́n ń yí ni 60. Lórí Linux, ddcutil. Ẹ kọ́kọ́ lọ sínú mẹ́nù mọ́nítọ̀, kí ẹ rí i pé DDC/CI wà ní On. Orí dẹ́sítọ́ọ̀pù tiyín ni kí ẹ ti ṣe é tí ẹ bá fẹ́.

Nǹkan kan tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé: nínú mẹ́nù yẹn náà, níbi Input Source, tí ẹ bá bá Auto níbẹ̀ ẹ pa á. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, tí láptọ́ọ̀pù bá sùn fún ìṣẹ́jú kan péré, mọ́nítọ̀ á sá lọ bá dẹ́sítọ́ọ̀pù fúnra ẹ̀.

ỌmọÒmùÀrán

Ẹ má bínú mo já lu ọ̀rọ̀. MacBook Air M1, láptọ́ọ̀pù Apple tó ní ṣípù M1, ni èmi ní, mo fẹ́ ṣe irú ẹ̀ pẹ̀lú mọ́nítọ̀ méjì, mo ra ohun kan tó ní HDMI méjì, ohun kan náà ló ń hàn lójú méjèèjì, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

ỌmọÌpátá

Kò bàjẹ́, àbúrò. M1 Air yẹn, mọ́nítọ̀ kan péré ló lè gbé níta bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ti M2 náà bẹ́ẹ̀. M3 Air tó jáde ní 2024 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé méjì, kí wọ́n pa ìdérí ẹ̀ dé ná o. Tí o bá gbọ́dọ̀ lo méjì lórí M1, kí o wá èyí tí wọ́n kọ DisplayLink sí lára, wàá fi sọ́fítíwíà wọn sórí ẹ̀, kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ á máa ya àwòrán ọ̀hún gba inú USB kọjá. Fún ìwé kíkọ ó dáa, fún fídíò gídí á máa fà díẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi, màá kàn lo mọ́nítọ̀ kan ńlá.

AtòwéTánkè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àdúrótì! Ó ti ṣiṣẹ́!! Mo rí wáyà méjèèjì rà, mo sọ ọ́ bí ẹ ṣe ní kí n sọ ọ́, ọkùnrin tó tà á fún mi lọ́tẹ̀ yìí tiẹ̀ kọ́kọ́ béèrè pé "èwo ni kọ̀ǹpútà, èwo ni mọ́nítọ̀?", ọkàn mi balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Súìsì USB náà mo rí i. Láàárọ̀ òní mo jókòó, mo tẹ bọ́tìnnì Dell, mo tẹ ti HP, mo tẹ ti USB, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mi ò wọ abẹ́ tábìlì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀.

Nǹkan kan ló ń ṣe mí ní kàyéfì. Lọ́sàn-án nígbà tí mo padà sórí dẹ́sítọ́ọ̀pù, Dell ti wá, mo kọ́kọ́ fi HP sílẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù torí mò ń retí ìpè kan láti ọ́físì. Mo ṣí fáìlì kan lórí dẹ́sítọ́ọ̀pù, mi ò rí i. Ó wà nísàlẹ̀ pé ó ti ṣí, mo wá a tì. Ìgbà tí mo yí HP padà ni mo rí i tó jókòó síbẹ̀.

ÌjàkadìLorò

Kò ju pé dẹ́sítọ́ọ̀pù ò mọ̀ pé ẹ ti kúrò lórí HP lọ. Wáyà ṣì wà lára ẹ̀, ojú tiẹ̀ mọ́nítọ̀ méjì ló ṣì ní, ló bá ṣí fáìlì síbi tí ẹ ò ti lè rí i. Ẹ tẹ fáìlì yẹn nísàlẹ̀ kó lè jẹ́ òun lẹ mú, kí ẹ wá di Windows àti Shift mú pọ̀, kí ẹ tẹ àmì ọfà ọ̀tún tàbí ti òsì, á fò bọ́ sójú mọ́nítọ̀ kejì. Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa pẹ́ lórí mọ́nítọ̀ kan, ẹ tẹ Windows àti P, ẹ mú èyí tó jẹ́ ti sìkírìnì kan, tí ẹ bá padà ẹ mú Extend kó tún máa lo méjèèjì.

DisplayPort sì lè ṣe òdìkejì ẹ̀ fún yín lórí láptọ́ọ̀pù, mọ́nítọ̀ míì tí ẹ bá ti kúrò lẹ́nu DisplayPort ẹ̀, kọ̀ǹpútà á rò pé wọ́n ti fà á yọ. Tó bá jẹ́ Windows 11 ni, ẹ wọ Settings, System, Display, lábẹ́ Multiple displays ẹ máa rí ibi tó ti sọ pé kó máa rántí ibi tí wíńdò kọ̀ọ̀kan wà, ẹ fi àmì sí i.

ỌmọÌpátá

Inú mi dùn, àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ iná kún un, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí òkú HDMI jù.

Ọ̀pọ̀ ilé wa ni kò ní earth, ìyẹn wáyà tó ń darí iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa mọ̀ ọ́n tí ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara irin kọ̀ǹpútà, á máa ta yín ṣín-ín-ṣín-ín. Iná kékeré yẹn ń wá ibi tó máa gbà kọjá ni, tí ẹ bá wá ki HDMI bọ̀ ọ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ jọ wà lórí iná, inú wáyà yẹn ló máa gbà, ẹnu HDMI lè kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ti wá so kọ̀ǹpútà méjì mọ́ra báyìí, gbogbo wọn wáyà kan ló so wọ́n pọ̀. Kí ẹ kó gbogbo ẹ̀ sórí ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n kan náà, kí ẹ ní kí oníṣẹ́ iná wá wo earth yín, tí ẹ bá sì fẹ́ ki wáyà tàbí yọ ọ́, ẹ pa ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n yẹn ná, kí ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù.

Tí wọ́n bá mú iná lọ, tó jẹ́ inverter lẹ wà, ẹ pa HP yẹn. Dell onílẹ́ẹ̀dì 24 ínṣì sábà máa ń jẹ nǹkan bíi 20 watt sí 30, HP àtijọ́ tó jẹ́ pé gílóòbù tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú ẹ̀ lè jẹ ìlọ́po méjì ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù àti Dell nìkan, ẹ máa pẹ́ lórí bátìrì.

AtòwéTánkè

Mo ti pe oníṣẹ́ iná, ó ń bọ̀ ní Sátidé. Lóòótọ́ ara kọ̀ǹpútà yẹn máa ń ta mí, mo rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn ni.

Splitter tí mo rà ṣì wà nílẹ̀ nínú páálí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn ní Adẹ́ta, láptọ́ọ̀pù kan ni wọ́n máa fi ń gbé ojú ìwé táfúsírì sórí tẹlifíṣọ̀n tó bá di Ramadan, apá ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ò sì rí nǹkan kan, ohùn nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ṣé ó máa ṣe é?

Alfa_ỌjàỌba

Ó máa ṣe é dáadáa, iṣẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe é fún gan-an nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù lọ sí IN, tẹlifíṣọ̀n ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin sí OUT 1, ti àwọn obìnrin sí OUT 2, ẹ má gbàgbé iná 5V ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wọn ibi tó jìn jù kí wọ́n tó ra wáyà. Tó bá wà láàárín mítà 10, wáyà HDMI tó nípọn dáadáa á gbé e. Tó bá ti ju mítà 15 lọ, kí wọ́n má fi owó ṣòfò sórí wáyà lásán, àwòrán á máa já. Kí wọ́n béèrè fún èyí tí wọ́n ń fi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé HDMI, méjì ló máa ń wà nínú páálí ẹ̀, ọ̀kan fún ibi tí àwòrán ti ń bọ̀, ọ̀kan fún ibi tó ń lọ.